Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí ló ń fa làpálàpá?

Làpálàpá kì í ṣe aràn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Oúnjẹ rẹ̀ ni kẹratíìnì, èròjà tó wà nínú awọ òkè ara tó ti kú, nínú irun àti nínú èékánná. Láti ibi tó bá ti wọlé ló ti ń jẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́; àárín á máa jinná, etí rẹ̀ á máa gbòòrò. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí roboto.

Orí ọmọdé ló fẹ́ràn. Kílípà onígbàjámọ̀, kóòmù àti fìlà tí àwọn ọmọ ń yá ara wọn dé ló sábà ń gbé e kiri. Ológbò àti ajá náà ń kó o ranni. Ìpara nìkan kì í wo ti orí sàn, torí kò dé gbòǹgbò irun. Oògùn gbígbémì, bíi griseofulvin, ni dókítà máa ń kọ, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti èékánná ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ìpara abóra tí wọ́n po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ fi pa á, yíyún á rọlẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti san. Ó kàn ń ràn lábẹ́lẹ̀ ni.