Ṣé O Mọ̀? Àwòrán Tí Wọ́n Dìídì Gé Wẹ́wẹ́

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi tó wà ní London fi páálí jigsaw ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì pariwo: "Háà! Ṣé owó ni wọ́n fi ra èyí? Ó ti fọ́ kó tó dé!" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Kí ló lè mú kí èèyàn gé odindi àwòrán sí wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíràn fowó rà á, kó sì jókòó ti tábìlì lálẹ́ mẹ́ta mẹ́rin láti dá a padà sí bó ṣe wà? Ọ̀rọ̀ náà gba ìtàn, ó sì gba ìṣirò. Díẹ̀ nínú ìyanu tó wà nínú páálí náà rèé.

Ṣé o mọ̀ pé máàpù ni jigsaw ayé àtijọ́?
Láàárín ọdún 1760 sí 1769, ọkùnrin kan wà ní London tó ń jẹ́ John Spilsbury. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fín máàpù kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó lẹ máàpù mọ́ pákó pẹlẹbẹ, ó mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rẹ́ ẹ gba ojú ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ibi tí Faransé wà, àfi kó gbé Faransé lọ́wọ́, kó wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Spéènì. Ohun ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ohun eré. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ ni Lady Charlotte Finch, tó ń tọ́ àwọn ọmọ Ọba George Kẹta, fi kọ́ wọn bí ayé ṣe rí. Spilsbury kò rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó kú ní 1769, nígbà tó wà ní nǹkan bí ẹni 30 ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé ayùn ló fún un lórúkọ?
Fún ohun tó lé ní 100 ọdún, kò sẹ́ni tó pè é ní jigsaw. Orúkọ ayùn kan lọ́rọ̀ náà, ẹ̀yìn ọdún 1900 ló sì wá mọ́ eré yìí lára. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ègé kì í kọ́ ara wọn bíi tòní. Wọ́n kàn ń fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn ni. Bí àlejò bá sín, tàbí bí ọmọdé bá fi ìgbúnwọ́ kan tábìlì, iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta ti tú. Kò sì sí àwòrán kankan lórí àpótí tí wàá máa wò. Síbẹ̀ àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ní 1909, Parker Brothers, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe eré orí tábìlì, pa àwọn eré yòókù tì fúngbà díẹ̀ kí gbogbo ọwọ́ lè ráyè gé jigsaw. Àwọn tó ń gé e a máa dárà sí i: wàá kàn rí ègé tó rí bí ẹyẹ tàbí bí ìràwọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà ọ̀dá owó ló tà jù?
Ní 1932 àti 1933, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ní Amẹ́ríkà, o lè rò pé kò sẹ́ni tó máa ráyè eré. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Páálí rọ́pò pákó, ẹ̀rọ rọ́pò ayùn, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ di sẹ́ǹtì 25. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni tuntun ń jáde lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn. Nígbà tí 1933 bẹ̀rẹ̀, ó ń tà tó mílíọ̀nù 10 lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tí kò lè rà á a lọ yá a ní ilé ìkàwé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Lọ́dún 1933 kan náà ni wọ́n dá British Jigsaw Puzzle Library sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní jigsaw onípákó. Ó yé mi. Ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń wá ohun kan, ó kéré tán, tí òun lè fọwọ́ ara òun bẹ̀rẹ̀ kí òun sì parí.

Ṣé o mọ̀ pé ègé 1000 lè má jẹ́ 1000?
Ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n kọ 1000 sí lára ló ní ìlà 27, tí ègé 38 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Sọ 38 di ọ̀nà 27: 1026 lo máa rí. Wọ́n bu èènì 26 fún ọ, wọn ò sì sọ! Òmíràn pé 1000 géérégé: ìlà 25, ègé 40 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti etí wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Ka àwọn ègé tí ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ nínú èyí tó ní èènì: 38 lókè, 38 nísàlẹ̀, 25 tó kù lọ́tùn-ún, 25 lósì. Ó jẹ́ 126. Wá ka ti èkejì: 40 lókè, 40 nísàlẹ̀, 23 lọ́tùn-ún, 23 lósì. Ó tún jẹ́ 126!

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tò fi ń kọ́kọ́ ṣa ẹlẹ́tìí. Nínú ègé mẹ́jọ, bí ọ̀kan péré ni ẹlẹ́tìí, ṣùgbọ́n tí o bá ti fi ṣe ọgbà yí ká, iyókù mọ ibi tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá. Nílé wa, tíréè mẹ́ta la lò: ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún ojú ọ̀run, ọ̀kan fún ilé àti igi. Nígbà tí iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì, àṣé búlúù ojú ọ̀run àti búlúù omi ò yàtọ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ìka ló kù tí ń ṣiṣẹ́ ojú. O máa gbé ègé yí po, o máa fi ìka wá ibi tó yọ àti ibi tó wọnú, títí tó fi máa wọlé, tó máa dún *kẹ́*. Ọmọ ọdún méje tí kì í jókòó ti ìwé fún ìṣẹ́jú márùn-ún jókòó ti ìró *kẹ́* yẹn fún wákàtí méjì.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán méjì tí kò mọ ara wọn rí lè wọ inú ara wọn?
Abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká kọ́rọkọ̀rọ, tí wọ́n tò sórí pákó, ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ mọ́ páálí lẹ́ẹ̀kan náà tí gbogbo rẹ̀ fi gé. Abẹ irin náà wọ́n, ilé iṣẹ́ kì í ṣe tuntun fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Torí náà, ègé àwòrán ẹṣin lè wọ ojú ihò àwòrán ọkọ̀ ojú irin rẹ́gí, bí abẹ kan náà bá gé méjèèjì. Tim Klein, ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, sọ èyí di iṣẹ́ ọnà: ó ń fi apá kan jigsaw kan kún apá kan òmíràn, àwòrán kẹta tí ẹnikẹ́ni ò yà rí a sì jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ègé 340 lè le ju 1000 lọ?
Ní 1964, ilé iṣẹ́ Springbok sọ *Convergence*, àwòrán tí Jackson Pollock yà, di jigsaw. Ọ̀dà ni Pollock dà, tó tún fọ́n ká: kò sí ilé níbẹ̀, kò sí igi, kò sí ojú èèyàn. Wọ́n polówó rẹ̀ pé òun ló le jù láyé. Ègé 340 péré!

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sórí ẹ̀?
Ní 1999, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Christopher Monckton gbé eré kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pè ní Eternity, ìyẹn Ayérayé. Ègé 209 ni, kò sí àwòrán lára wọn. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí gbogbo wọn wọ inú ọgbà kan tó ní ẹ̀gbẹ́ 12 láìku ẹyọ kan. Ayérayé ọ̀hún ò pẹ́. Ní 2000, onímọ̀ ìṣirò méjì, Alex Selby àti Oliver Riordan, ti fi kọ̀ǹpútà tò ó tán, wọ́n sì gbowó. Wọ́n ti rí i pé pípọ̀ tí ègé náà pọ̀ ló dẹ̀ ẹ́: bí ègé ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bára mu ń pọ̀ sí i. Monckton kọ́gbọ́n: kì í ṣe iye ègé nìkan ló gbára lé mọ́. Èkejì tó gbé jáde ní 2007 ní ègé 256, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé ní ìparí 2010, kò sẹ́ni tó tò ó tán kó gba mílíọ̀nù méjì náà.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn 1,600 ti jọ to ẹyọ kan?
Ní Ho Chi Minh City lórílẹ̀-èdè Vietnam, ní oṣù kẹsàn-án 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó 1,600 to àwòrán òṣíbàtà kan tó gùn ju mítà 23 lọ. Ègé 551,232! Wọn ò dà á sílẹ̀ kí wọ́n wá máa jà lé e lórí. Ìdì 3,132 ni wọ́n pín in sí, ègé 176 nínú ìdì kan. Oníkálukú to tirẹ̀, wọ́n wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì parí ní wákàtí 17. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba pàápàá ti jókòó to jigsaw?
Nígbà tí ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì ń wó lọ ní 1989, àwọn ọlọ́pàá inú tí wọ́n ń pè ní Stasi sáré ń ba ìwé àṣírí jẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ, ni wọ́n bá ń fọwọ́ ya á. Àpò tó lé ní 15,000 ni àwọn ará ìlú gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti 1995, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì jókòó ní ìlú Zirndorf, wọ́n ń fi àwọ̀ ìwé wé àwọ̀ ìwé, wọ́n ń wo ìkọ̀wé, wọ́n ń fi ojú yíya kan ojú yíya. Bí ìwé kan bá tò tán, ẹni tí wọ́n ti ń ṣọ́ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí lè wá ka ohun tí wọ́n kọ nípa òun.

Jigsaw tiwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán lálẹ́ kẹrin, àfi ihò kan ṣoṣo láàárín ojú ọ̀run. A wá abẹ́ àga, a gbọn ẹní, a yẹ ẹnu ọmọ ọdún kan wò. Kò sí. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fún òun ní páálí ṣúgà àti sísọ́ọ̀sì. Ó fi bébà bo ojú ihò náà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ títí ìrísí rẹ̀ fi hàn, ó fi gé páálí, ọmọ kan sì fi bírò búlúù kùn ún. Ó wọlé. Búlúù rẹ̀ dúdú ju ti ọ̀run lọ, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ìyá ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Kò fọ́ mọ́."

Ṣé o mọ̀ pé ayé fúnra rẹ̀ ti là sí ègé rí?
Orí máàpù la ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ká padà síbẹ̀. Ní 1912, Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ tó jẹ́ ọmọ Jámánì, sọ pé ilẹ̀ kan náà ni Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ó fi wé ìwé ìròyìn tó ya: fi etí kan etí, kí o wá wò ó bóyá ìlà ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìhín dé ọ̀hún. Àpáta àti egungun ẹran àtijọ́ ni ìlà ọ̀rọ̀ tó ń kà. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbà á gbọ́ títí ó fi kú ní 1930.

Ní 1965, Edward Bullard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fi kọ̀ǹpútà to ilẹ̀ méjèèjì. Etí òkun kọ́ ni wọ́n fi kan ara. Abẹ́ omi, níbi tó jìn tó nǹkan bíi 900 mítà, ni wọ́n wọ̀n. Èjìká Bràsíl wọ abíyá Áfíríkà, lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó sì bá a mu bí ìgbà tí ègé bá dún *kẹ́*. Ibì kan ni Áfíríkà ti yọ kọjá, tó gun orí Bràsíl: Niger Delta. Àṣìṣe kọ́. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ méjèèjì ti pínyà, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn, ni odò ń gbé ẹrẹ̀ àti yanrìn wá láti òkè, tó ń dà á sí etí òkun, tó ń mọ ilẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ yẹn ò sí nínú páálí rárá. Èènì tí Odò Ọya bù sí i ni.