Ta Ló Yọ Ẹsẹ 21? Àlàyé Lórí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Tó Ń Túmọ̀ Bíbélì

Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí WhatsApp. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Bíbélì New International Version, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí NIV, ti yọ ẹsẹ 45 àti ọ̀rọ̀ tó lé ní 64,000 kúrò nínú Ìwé Mímọ́, kí ìgbàgbọ́ àwa Kristẹni lè wó lulẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì ṣí Mátíù orí 17, kó wá ẹsẹ 21. Ẹni tó bá sì ṣí i lórí fóònù rẹ̀ yóò rí i pé ẹsẹ 20 fò, ó bọ́ sórí 22.

Ẹni tó bá rìn gba Ìwáyà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti ìhà Yunifásítì Èkó títí dé etí ọ̀sà, yóò gbọ́ ìwàásù ní Yorùbá, yóò gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bó bá sì sún mọ́ Màkókò, yóò gbọ́ ní èdè Ògù. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wọ̀nyí, ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹsẹ tí wọ́n ní ó sọnù yìí gan-an ló sì so ààwẹ̀ mọ́ àdúrà nínú lílé ẹ̀mí búburú jáde. Abájọ tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà fi ká àwọn èèyàn lára. Ìdáhùn gidi ló tọ́ sí wọn, kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdáhùn náà ni pé kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Ìwé tí Mátíù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Máàkù, ti Pọ́ọ̀lù àti ti Aísáyà. Àdàkọ ló kù. Ẹnì kan dà á kọ, ẹlòmíràn wo ti ẹni yẹn, òun náà dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ni ti Májẹ̀mú Tuntun ń lọ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó ọdún kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ilẹ̀ Yúróòpù. Àdàkọ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì tó ṣẹ́kù lónìí lé ní 5,000, àwọn mìíràn odindi, àwọn mìíràn àjákù. Wọ́n yàtọ̀ síra níbi púpọ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà kò ju lẹ́tà kan tàbí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kan odindi ẹsẹ.

Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erasmus tẹ Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì jáde ní ìlú Basel ní 1516, àdàkọ díẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ló lò, wọn ò sì dàgbà púpọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní fún ìwé Ìfihàn, ojú ewé tó kẹ́yìn sì ti já kúrò lára rẹ̀. Ló bá mú ti Látìnì, ó tún un túmọ̀ padà sí Gíríìkì kí ìwé má bàa jáde láìpé. Ní 1551, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Robert Estienne, fi nọ́ńbà sí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Inú ìran ìwé yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé bíi 47, tí Ọba James gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ti túmọ̀ Bíbélì tó jáde ní 1611. Òun ni King James tí àwọn bàbá wa kà nílé ìwé. Mátíù 17:21 ti gba nọ́ńbà tirẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àdàkọ tó dàgbà jù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Constantin von Tischendorf, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí apá kan ìwé àfọwọ́kọ kan nílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé ti St Catherine lẹ́sẹ̀ òkè Sínáì ní 1844, ó sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1859. Ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n ti kọ ọ́. Codex Sinaiticus ni wọ́n ń pè é, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Codex Vaticanus, wà ní Vatican. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìwé náà kò kọ Mátíù 17:21. Ìtàn ọmọkùnrin tí ẹ̀mí ń dà láàmú yìí kan náà wà nínú Máàkù orí 9, níbi tí Jésù ti mẹ́nu kan àdúrà. Nínú àdàkọ méjèèjì, ààwẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé àwọn adàwékọ tí wọ́n mọ ti Máàkù lórí, tí ààwẹ̀ sì jẹ́ ara ìgbé ayé wọn lójoojúmọ́, ló fi í kún ti Mátíù kí ìtàn méjèèjì lè bára mu. Wọn kò gbèrò ibi.

Èyí kò sọ ààwẹ̀ di asán. Ẹ̀kọ́ Jésù lórí ààwẹ̀ wà nínú Mátíù orí 6, ìtàn àwọn ará Áńtíókù tí wọ́n gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rán Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ sì wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 13. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ tún wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Revised Version ti gbé ẹsẹ yẹn sí etí ìwé ní 1881. Májẹ̀mú Tuntun NIV jáde ní 1973, odindi rẹ̀ ní 1978, ẹsẹ náà sì wà nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé. HarperCollins, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń bú, kò ra Zondervan, tó ń tẹ NIV ní Amẹ́ríkà, títí di 1988. Ẹni tí kò tíì wọlé kò lè jí ẹran inú ìṣasùn. Bí ó tilẹ̀ ti wọlé, atẹ̀wé kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ inú NIV. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965 nìkan ló lè yí i padà.

Ta wá ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí? Olùkọ́ yunifásítì àti ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ti lo ìgbà pípẹ́ lórí èdè Hébérù, Árámáíkì àti Gíríìkì. Ìjọ wọn yàtọ̀ síra, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìjọ kan má bàa fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kun ìtumọ̀. Àwọn díẹ̀ á kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé kan, àwọn mìíràn á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, yóò sì wá síwájú ìgbìmọ̀ ńlá. Nínú ìgbìmọ̀ NIV, tí kì í ju ẹni 15 lọ, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ dìbò fún un kí wọ́n tó lè yí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ padà. Àwọn tó ṣe New English Bible, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946 tó sì parí ní 1970, tún yan àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu láti gbọ́ bó ṣe ń dún létí, nítorí ẹni tó gbọ́ Hébérù dáadáa lè má mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ kó dùn.

Ibi tí àríyànjiyàn wọn ti gbóná jù ni bóyá kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí kí wọ́n gbé ìtumọ̀ jáde bí ẹni òde òní yóò ṣe sọ ọ́. Eugene Nida, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ fún American Bible Society, kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní 1964. Ó ní kí ẹni tó ń kà á lónìí gbọ́ ọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀nà yẹn ni Good News Bible ti 1976 gbà. English Standard Version ti 2001 gba ọ̀nà kejì. Ní tèmi, ìjọ nílò méjèèjì: ọ̀kan fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò.

Iṣẹ́ yìí ti kó àwọn tó ń ṣe é sí wàhálà. Wọ́n pa William Tyndale, tó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sun òkú rẹ̀, nítòsí Brussels ní 1536. Nígbà tí Revised Standard Version jáde ní 1952, tó fi ọ̀dọ́bìnrin dípò wúńdíá nínú Aísáyà 7:14, oníwàásù kan ní North Carolina fi iná sun ojú ewé náà ní gbangba. Bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ yẹn kan náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní ìwé tí àwọn darandaran rí nínú ihò àpáta Qumran létí Òkun Òkú ní nǹkan bí 1947. Ìwé Aísáyà tó wà níbẹ̀ fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju èyí tí ayé ní tẹ́lẹ̀ lọ, ibi 13 sì ni wọ́n ti tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń sun ìwé kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Thomas King wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó, ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11 jóná pẹ̀lú apá kan ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ pinnu bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ rárá, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí títí di ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, tó jẹ́ gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978, kọ ìtàn bí wọ́n ṣe sọ Yorùbá di kíkọ. Yunifásítì tó ṣe olórí rẹ̀ kò jìnnà sí Ìwáyà, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá iṣẹ́ rẹ̀ kà.

Yorùbá ti Ọ̀yọ́ ni Crowther fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì jẹ́ kí ti Ẹ̀gbá wọnú rẹ̀. Èdè inú ìwé yẹn ló di èyí tí à ń kọ́ nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn Ìgbò kò rí bẹ́ẹ̀: Bíbélì tí T. J. Dennis parí ní 1913 da ẹ̀ka èdè márùn-ún pọ̀, ọ̀pọ̀ sì ráhùn pé kò sí ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Crowther kò sì lọ́ra láti yá ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ inú Yorùbá ṣáájú rẹ̀. Àdúrà, àlùfáà àti wòlíì wà lára wọn.

Ìpinnu rẹ̀ kan ṣì ń dá ìjà sílẹ̀. Níbi tí Hébérù bá ti sọ Sátánì, Bíbélì Yorùbá àtijọ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí Gíríìkì bá ti lo orúkọ kejì, èyí tó túmọ̀ sí abanijẹ́, Èṣù ló fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní orúkọ òrìṣà ni, òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Kò rọrùn láti yí ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ìjọ láti bí ọdún 140 padà, mi ò sì sọ pé kí wọ́n yí i lọ́la. Àmọ́ bí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá lè fi ìlà kan sísàlẹ̀ ojú ewé láti sọ pé àdàkọ báyìí kò ní ẹsẹ báyìí, Bíbélì Yorùbá náà lè fi ìlà kan síbẹ̀ láti sọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ kó tó di ti inú Bíbélì.

Àwọn Ògù tó ń pẹja létí ọ̀sà Ìwáyà àti Màkókò náà ní Bíbélì tiwọn. Thomas Joseph Marshall, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Porto-Novo, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Ògù ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, odindi Bíbélì sì jáde ní 1923.

Lóde òní, Bible Society of Nigeria ní Ìròyìn Ayọ̀, Biblica sì ní Bíbélì Mímọ́ Yorùbá Òde Òní. Ẹ fi wọ́n kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Crowther. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni àwọn tó gbọ́ Hébérù àti Gíríìkì tí wọ́n sì gbọ́ Yorùbá tàbí Ògù ìjìnlẹ̀ pọ̀. Wọn ò tó. Ìjọ tó ń ra jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn lè rán ọmọ kan lọ kọ́ èdè wọ̀nyí ní Ìbàdàn tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti wà láti 1898. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ yan ọmọ náà. Ẹ̀yin tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn bá sì tún bọ́ sórí fóònù yín, ẹ ka àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.