Ohun ìpamọ́ fún ẹ̀dà àwòrán àti fídíò

Ohun ìpamọ́ fún ẹ̀dà àwòrán àti fídíò ni ohun èlò tàbí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ń kó ẹ̀dà àwọn àwòrán àti fídíò rẹ̀ sí, kí wọ́n má baà parẹ́ bí fóònù, kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá sọnù. A lè ra fóònù mìíràn, ṣùgbọ́n àwòrán òbí tí ó ti di olóògbé kò ṣeé yà mọ́.

Àwọn oríṣi

Hard disk: Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1956. Àwọn àwo pẹlẹbẹ tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, agbára òòfà ni a sì fi ń kọ nǹkan sí wọn lára. Ó ń gba fáìlì púpọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Fíláàṣì, káàdì mẹ́mọ́rì àti SSD: Fujio Masuoka, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Japan, ni ó ṣe ìpìlẹ̀ wọn ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ní àwọn ọdún 1980. Kò sí ohun tí ń yí nínú wọn, nítorí náà wọ́n fara da ìjábọ́. Iná mànàmáná díẹ̀ tí a sé mọ́ inú wọn ni ó ń di fáìlì mú. Iná yìí lè jò dànù bí a bá pa wọ́n tì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwo CD àti DVD: Ohun tí a kọ sí CD-R tàbí DVD-R kò ṣeé pa rẹ́ ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n oòrùn àti ooru a máa ba aró inú wọn jẹ́. DVD onípele kan kò gbà ju 4.7 GB lọ.

Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì: Iná tàbí olè ilé kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google Photos ti ń ka àwòrán tuntun mọ́ 15 GB ọ̀fẹ́. Bí fóònù bá so pọ̀ mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán tí a bá pa rẹ́ lórí fóònù lè parẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlànà 3-2-1

Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ìlànà yìí di mímọ̀: kí ẹ̀dà jẹ́ 3, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn sì wà níbòmíràn. Fún àpẹẹrẹ, ọ̀kan lè wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk, kí ìkẹta wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ẹbí ní ìlú mìíràn. Ó tún yẹ kí a máa ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò lóòrèkóòrè, nítorí pé ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá.