Híjáàbù àti Kóòtù Funfun: Kí Ọmọ Wa Tó Wọ Yàrá Ìwádìí

Ẹ̀yin òbí wa, tí ọmọ yín bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wọ̀ lọ sí yàrá ìwádìí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2008, ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 23 kan ń fi abẹ́rẹ́ fa kẹ́míkà tí ó máa ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ìdí abẹ́rẹ́ náà yọ, iná sì mú aṣọ òtútù rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti òwú. Kò wọ kóòtù yàrá ìwádìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi kú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ kóòtù. Òwú kì í yọ́ lẹ̀ mọ́ ara bíi rọ́bà, ó sì rọrùn láti bọ́ kóòtù sọnù kíákíá. Awò ń dáàbò bo ojú. Bí kẹ́míkà bá ta sójú, omi tí ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán.

Àwọn ọmọbìnrin wa a máa bi wá pé, ṣé kí àwọn ṣí híjáàbù ni? Rárá o. Kí wọ́n lo ti òwú tí kò gùn jù, kí wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ inú kóòtù, kí ó má baà kan iná tàbí kí ẹ̀rọ fà á. Jalámíà alápá gbòòrò kò bá iṣẹ́ yìí mu fún àwọn ọkùnrin.

Kò sí jíjẹ, kò sí mímu níbẹ̀. Bí àsìkò ìṣínu bá ká wọn mọ́ ẹnu iṣẹ́, kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n jáde, kí wọ́n tó fi dàbínù kan ẹnu.

Àmánà ni ẹ̀mí. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.