'Àdápítọ̀': Ọ̀rọ̀ Kan, Iṣẹ́ Méjì

Ohun méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra ni a ń pè ní àdápítọ̀. Bí a bá ra ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto ní Kútọnu, tí a gbé e wá sí Ajílété, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun, àdápítọ̀ kékeré tó. Fóltì ilẹ̀ méjèèjì kò jìnnà síra.

Ti ọkọ̀ oníbátìrì yàtọ̀. Bí ó bá ń gba iná kíákíá, ọkọ̀ a máa sọ iye tí bátìrì rẹ̀ lè gbà fún ẹ̀rọ tí ń fún un níná. CHAdeMO ti ilẹ̀ Japan ń fi ìlànà CAN sọ̀rọ̀; CCS tí Yúróòpù yàn ń lo PLC. Ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n NACS ti Amẹ́ríkà ń lo èdè CCS. Ìrísí ẹnu nìkan ni ó yàtọ̀.

A dábàá amẹ́nubáramu (a + mú + ẹnu + bá + ara + mu) fún èyí tí ń yí ìrísí padà, àti ògbufọ̀-iná fún èyí tí ń túmọ̀. Bí atúmọ̀ ìwé ìlò ọkọ̀ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, òǹkàwé lè ra amẹ́nubáramu níbi tí ògbufọ̀ ti yẹ: ẹnu yóò wọ ẹnu, iná kò sì ní í wọlé.