Ímeèlì Tí Oníbàárà Yóò Dáhùn

 Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Houston ló ti dá iṣẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ń se oúnjẹ òde, àwọn kan ń tún ọ́fíìsì ṣe, àwọn kan ń bá ènìyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ímeèlì láti wá oníbàárà, èsì kì í sábà wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti ìgbà fáàsì ni lẹ́tà jìbìtì ti ba orúkọ wa jẹ́. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ni ayé fi ń pè é. Bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí bá rí orúkọ Yorùbá lórí ímeèlì tó ń sọ̀rọ̀ owó, ó lè kọ́kọ́ fura. Ẹ má torí ìyẹn yí orúkọ yín padà. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ẹ mú àkọlé. "Àǹfààní ńlá, kíákíá!" jọ ti gbájúẹ̀. "Oúnjẹ ọ̀sán fún òṣìṣẹ́ 30 nítòsí Texas Medical Center" dára jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe onítọ̀hún lórúkọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́tà kan náà tí a pín fún igba ènìyàn, kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ fi ẹ̀rí sí i: ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà fóònù, ìwé àṣẹ yín, àti oníbàárà tó gbà kí ẹ dárúkọ òun. Ẹ má béèrè àsansílẹ̀ nínú ímeèlì àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi parí rẹ̀, èyí tó rọrùn láti dáhùn: "Ṣé kí n gbé abọ́ mẹ́ta wá lọ́jọ́ Wẹ́sidé kí ẹ tọ́ ọ wò?" Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ṣókí.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin CAN-SPAM ti 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2004, kan ilé-iṣẹ́ kékeré náà. Àkọlé kò gbọdọ̀ tan ènìyàn. Àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè dé gbọ́dọ̀ wà nínú ímeèlì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé lè lo àpótí póòsì tí ẹ gbà ní orúkọ yín. Ẹ sọ bí ẹni tí kò fẹ́ mọ́ yóò ṣe yọ ara rẹ̀. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Owó ìtanràn lórí ímeèlì kan lè ju $50,000 lọ.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kà á sókè. Ṣé àlejò yóò mọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ń tà, àti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe? Bó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ránṣẹ́. Ọjà yóò tà o.