Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ilé wo ni ó wà láàárín àwa olùkàwé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kan tí ó ti jókòó rí fún ìdánwò nítorí àti rí iṣẹ́? A mọ bí òru ti gùn tó fún ẹni tí ń kàwé ní ìdí fìtílà, a sì mọ bí àyà ìyá rẹ̀ ti ń já ní ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn olùkàwé wa dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ìdánwò kan wà tí ó le púpọ̀púpọ̀, kí a lè wò ó bóyá a óò rí ẹ̀kọ́ mú bọ̀ wá sí ilé.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1855 ni a ti ń fi ìdánwò gbangba yan àwọn olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Íńdíà. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń ṣe é, ọmọ Íńdíà tí ó bá sì fẹ́ ẹ ní láti la òkun kọjá. Satyendranath Tagore ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó yege, ní ọdún 1863. Ó di ọdún 1922 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilẹ̀ wọn pẹ̀lú. Lónìí, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní UPSC ni ó ń ṣe é ní ọdọọdún.

Asẹ́ mẹ́ta ni ìdánwò náà. Ní ti èkínní, a ó fi ìdáhùn mélòó kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kí ó mú èyí tí ó tọ̀nà. Bí ó bá ṣì í mú, a ó yọ ìdá mẹ́ta máàkì ìbéèrè náà kúrò nínú èyí tí ó ti gbà. Ẹni tí ń méfò, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe. Èkejì ni ìwé mẹ́sàn-án tí a ń fi ọwọ́ kọ, wákàtí mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn jẹ́ ti èdè, kí a sáà ti yege níbẹ̀. Méje yòókù ni a ń ka máàkì wọn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ lórí ìwà àti òtítọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀kẹta ni ìdúró níwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá ṣubú, ìbáà ṣe níwájú ìgbìmọ̀ náà, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò tún padà sí ní ọdún kejì.

Ẹ gbọ́ iye wọn ní ti ọdún 2024. Ènìyàn 992,599 ni ó kọ orúkọ sílẹ̀. 583,213 ni ó jókòó. 14,627 ni ó la asẹ́ èkínní kọjá. 2,845 ni ó dé iwájú ìgbìmọ̀. 1,009 ni a mú. Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún ni èyí.

Báwo ni a ṣe ń múra sílẹ̀ fún irú èyí? Àwa tí a ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí i pé ohun díẹ̀ ni ó ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní. Kí a wá ìbéèrè àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kí a mọ ohun tí a ń béèrè. Kí a ka ìwé díẹ̀ ní àkàtúnkà, ó sàn ju ìwé púpọ̀ tí a kàn ṣí wò lọ. Kí a máa ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Kí a máa kọ ìdáhùn pẹ̀lú aago níwájú wa, kí ẹlòmíràn sì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò láìṣe ojúsàájú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Àìmọye ọ̀dọ́ ni ó ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí àdúgbò Old Rajinder Nagar àti Mukherjee Nagar ní Delhi, tí wọ́n ń gba yàrá tóóró, tí owó òbí sì ń tán lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 2024, omi òjò ya wọ ibi ìkàwé kan tí ó wà ní abẹ́ ilẹ̀ ní Old Rajinder Nagar, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sì kú sínú rẹ̀. Ìwé ni wọ́n wá kà.

Obìnrin kan ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò ọdún 2024 náà, ìgbà karùn-ún rẹ̀ sì ni. Ìforítì dára, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ, àwọn tí ó kù kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ jókòó, kí ẹ fi ẹnu kò sí iye ìgbà tí yóò ṣe é, àti iṣẹ́ mìíràn tí yóò máa kọ́ lọ́wọ́. Bí èsì bá sì jáde tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ má ṣe fi ọmọ aládùúgbò ṣe àkàwé fún un ní ọjọ́ náà. Ẹ gbé oúnjẹ fún un, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wá rán an létí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.